Kì í Ṣe Ikọ́ Ife Nìkan Ni Wọ́n Fi Lé Mi Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ ife ló ń bá yín jà, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Ẹ jókòó ná. Ẹ má tíì sunkún. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, àwọn èèyàn ti jókòó lé ọ̀rọ̀ ibi tí wọn ó sin mí sí, mo sì wà láàyè tí mò ń jẹ iyán. Ògúnbùnmi ni orúkọ tí bàbá mi sọ mí ní Ìdèrè. Ìgbó-Ọrà ni mo ti lọ́kọ, ilé ọdẹ tó ń bọ Ògún ni, Ìyá Ṣọlá ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ẹ fojú fo àṣìṣe mi, kí ẹ mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Iṣẹ́ tábà ni mò ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn ìlú wa tó ń ra ewé tábà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìbàràpá. Àwa obìnrin la máa ń ṣa ewé náà, èyí tó pọ́n lọ́tọ̀, èyí tó ní àpá lọ́tọ̀, a ó wá dì í ní ìdì-ìdì. Máníjà wa kì í ṣe ará ìhín. Àgbà ìjọ ni, àdúrà ló fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láràárọ̀. Èmi máa ń dúró síta títí wọ́n á fi ṣe àmín, nítorí ilé Ògún ni wọ́n bí mi sí, irọ́ ni mo máa pa tí mo bá bá wọn dijú. Kò sẹ́ni tó bá mi wí sí i. Eruku ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Tí ọyẹ́ bá ti dé, gbogbo wa la ń wúkọ́, tí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn á gbè é, a ó máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé orin tábà la ń kọ. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ikọ́ á lọ. Nítorí náà, nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀ nínú ọyẹ́ tó tẹ̀lé òpin ogun abẹ́lé, n kò kà á sí.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, àwọn yòókù sinmi ikọ́, tèmi kò sinmi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ara mi á gbóná. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òógùn á ti mú ẹní mi tutù. Oúnjẹ kò wù mí jẹ. Ìró tí mo máa ń ró lẹ́ẹ̀kan ààbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí mi ká lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ọkọ mi rò pé oyún ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀, ó ń fojú wá ikùn mi, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín, nítorí èmi náà fẹ́ kó jẹ́ oyún.

Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé kì í ṣe oyún, ewé tó dára jù lọ ló wà lọ́wọ́ mi. Mo wúkọ́ sí i. Ẹ̀jẹ̀ ni mo rí lórí rẹ̀. Kò pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá pa ẹ̀fọn tó ti mu àmuyó. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe, kí ẹ̀yin má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ká ewé náà, mo tì í bọ àárín ìdì, mo so ó. Ojú ló ń tì mí. Ó tó oṣù kan tí mo fi ń gbé ẹ̀jẹ̀ mì, tí mò ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín, Ṣọlá ọmọ mi sì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹní kan náà. Tí mo bá rántí apá yẹn báyìí, inú máa ń bí mi sí ara mi.

Ìyá Rúùtù ló tú àṣírí mi. Òun ni ọ̀gá àwa obìnrin tó ń ṣa ewé, òun ló máa ń tú ìdì wò kí wọ́n tó gbé e lọ fún máníjà. Ó bá irú ewé ẹlẹ́jẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìdì mi. Kò pariwo. Ó pè mí sí ẹ̀yìn ilé.

“Ìyá Ṣọlá, ta ló ni ẹ̀jẹ̀ yìí?”

“N ò mọ̀, mà.”

“Ìwọ obìnrin yìí, irú èyí ló pa àbúrò mi. Tí o ò bá lọ sí ọsibítù lọ́la, èmi fúnra mi á wá sọ fún ọkọ ẹ.”

Bí mo ṣe lọ nìyẹn.

Ilé ìwòsàn kún lọ́jọ́ náà bí ọjọ́ ọjà. Àsìkò sòbìà, aràn gígùn tó ń yọ lẹ́sẹ̀, kò tíì tán, àwọn onísòbìà na ẹsẹ̀ wíwú sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà pé sòbìà ta ló gùn jù. Mo jókòó sí ìparí bẹ́ńṣì. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo fi gèlè bo ẹnu. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, àyè tó wà láàárín èmi àti ẹni tó tẹ̀lé mi ti gba èèyàn mẹ́ta. Àwọn tí kò lè dá rìn lọ sílé ìgbẹ́, wọ́n ráyè sún fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé àìsàn kò dọ́gba lójú ọmọ aráyé.

Wọ́n ní kí n lọ ya àwòrán àyà ní Ìbàdàn. Bàbá Ṣọlá, ọkọ mi, ta ewúrẹ́ méjì, a wọ bọ̀lẹ́kájà. Ọjọ́ mẹ́ta la fi tò lórí ìlà níbẹ̀. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn tí ilẹ̀ mọ́, kó kúkú padà sílé. Ní ọjọ́ kẹta, dókítà kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀ gbé àwòrán náà sókè sí iná, ó ní, “Ikọ́ ife ni. Ó ní oògùn. Ẹ ó máa gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, ẹ ó sì máa lo oògùn oníhóró fún ọdún kan ààbọ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan.” Èmi kò gbọ́ ju gbólóhùn àkọ́kọ́ lọ. Ọkọ mi ló gbọ́ ìyókù. Nínú ọkọ̀, títí a fi délé, òun ló ń sọ ọ́ sí mi létí: “Ó ní oògùn. Ṣé o gbọ́? Ó ní oògùn.”

Bí a ṣe délé, ilé di ilé ẹjọ́. Ìyá ọkọ mi ní ikọ́ ife kò sí nínú ìdílé àwọn, eruku tábà ló wọ̀ mí láyà, àgbo ló máa fọ̀ ọ́. Ó se ìkòkò mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ní kí wọ́n sín mi ní gbẹ́rẹ́. Àbúrò ọkọ mi tó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ààwẹ̀ ọjọ́ méje ló kù. Mo ní, “Ẹ wo bí mo ṣe rí. Kí ló kù lára mi tí n ó fi gbààwẹ̀?” Wọ́n ya ife àti abọ́ mi sọ́tọ̀. Wọ́n gbé Ṣọlá kúrò lọ́dọ̀ mi, èyí dára, dókítà ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fà á lọ́wọ́ mi bí ẹni tó ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ olè, n kò gbàgbé. Ọjọ́ kan, àwọn àgbà ilé pe ọkọ mi, wọ́n ní kó dá mi padà sí Ìdèrè kí n lọ kú sọ́dọ̀ àwọn tó bí mi. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́. Bàbá Ṣọlá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, “Ẹni tó bá máa gbé e lọ, kó gbé ẹrù tèmi náà mọ́ ọn.” Wọ́n túká.

Àbúrò ọkọ mi tí mo ní ó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ lórí orúkọ rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí mo wọ ilé náà, èmi ni mò ń fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí n tó dé, ọkọ ló jẹ́ fún mi, ìyàwó kì í sì í pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Adúmáadán ni èmi sọ ọ́, nítorí ara rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é kò jáde lẹ́nu mi rí, n kò sì ní kọ ọ́ síbí. Ògún ló wà níwájú rẹ̀, ìyẹn tó yín. Nígbà tó ṣèrìbọmi, ó pa orúkọ yẹn tì pátápátá. Ó di Jóṣúà Olúdélé, ó sì di akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ tábà wa. Òun ló bá mi wáṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ fún wọn pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ni mí. Ará àdúgbò òun ló pè mí. N kò bínú sí i nígbà náà.

Dókítà ti kọ̀wé fún mi pé kí wọ́n fún mi ní ìsinmi níbi iṣẹ́. Ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé tí mo bá gba abẹ́rẹ́ dáadáa fún oṣù díẹ̀, n kò ní lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́, mo sì lè padà. Adúmáadán ni mo fún pé kó bá mi gbé e fún máníjà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ó dé, kò wọlé, ìta ló dúró sí, ó fi áńkáṣíìfù bo imú.

“Ìyàwó, máníjà ní kí o má wá mọ́.”

“Kí ni mo ṣe?”

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. “Ó ní obìnrin ni ọ́, ikọ́ ife ń ṣe ọ́, ilé Ògún lo sì ti wá. Ó ní tó bá jẹ́ ọ̀kan ni, àwọn lè fara dà á. Mẹ́ta ti pọ̀ jù.”

“Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ sọ fún un?”

“Kí ni mo fẹ́ sọ? Ilé kan náà là ń gbé. Tó bá mọ̀, èmi ló kàn.”

Ìwé tó tẹ̀lé e kò mẹ́nu kan ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní iṣẹ́ ti dínkù. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gba obìnrin méjì tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: lílé yẹn dùn mí ju àìsàn lọ. Iṣẹ́ yẹn ni oògùn mi. Òun ni ọkọ̀ Ìbàdàn, òun ni ẹyin àti wàrà tí dókítà ní kí n máa jẹ, òun sì ni ohun tí mo ń fi gbórí sókè nílé ọkọ. Oko ọkọ mi kò lè dá a gbé. Tí n kò bá rí iṣẹ́ náà gbà padà, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: wọ́n á fi àgbo dá mi dúró títí n ó fi kú.

Ìyá Rúùtù ló yọ́ wá kí mi, tó sọ fún mi pé ìjọba ní òṣìṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n bá lé lẹ́nu iṣẹ́ láìtọ́. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ̀wé sí i. Mo wọkọ̀ lọ bá akọ̀wé ọjà kan ní Èrúwà, tó ń fi táìpù kọ lẹ́tà fún àwọn èèyàn. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó béèrè pé ta ló jíṣẹ́ máníjà fún mi. Mo ní, “Adúmáadán ni.” Ó wò mí, ó ní, “Orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn?” Mo ní, “Ohun tí mò ń pè é nìyẹn.” Ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó fi Mísítà ṣíwájú rẹ̀. Mo fọwọ́ sí i, mo dúpẹ́, mo lọ sílé. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí n kò tilẹ̀ rò ó.

Èsì pẹ́ kó tó dé. Wọ́n ní àwọn ti yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ náà wò, kò sí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Adúmáadán níbẹ̀, nítorí náà kò sí ẹlẹ́rìí, àwọn kò lè tẹ̀síwájú. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, èyí tí Ṣọlá, tó ti wọ ìwé mẹ́fà nígbà náà, túmọ̀ fún mi. Inú mi bàjẹ́. Láàárín ìgbà yẹn ikọ́ ti dáwọ́ dúró, mo ti sanra díẹ̀, ìyá ọkọ mi sì ń sọ kiri pé àgbo òun ló ṣe é. Mo kó oògùn oníhóró sábẹ́ àpótí. Mo ní kí ni mo tún ń lò ó fún? Kò pé oṣù kan tí ẹ̀jẹ̀ fi padà. Nọ́ọ̀sì tó máa ń gún mi bú mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ní, “Ṣé o fẹ́ kú ni? Sọ fún mi, kí n lọ fi abẹ́rẹ́ yìí gún ẹni tó fẹ́ yè.” Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ara yíyá kọ́ ni òpin oògùn. Ẹ lò ó dé ìparí. Láti ọjọ́ yẹn, tí òjò ń rọ̀ tàbí tí kò rọ̀, ọkọ mi á gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ìdí mi sì le bí awọ bàtà nítorí abẹ́rẹ́.

Mo ní kí akọ̀wé ọjà bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì pé kí wọ́n gbọ́ mi lójúkojú. Wọ́n gbà. Ọ̀gá tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà ń bọ̀ ní Èrúwà lọ́jọ́ kan. Ọdún tí wọ́n yí ìwakọ̀ sí apá ọ̀tún ni, kò tíì pẹ́ tí wọ́n yí i. Sòbìà ti dá Bàbá Ṣọlá dùbúlẹ̀, kò lè bá mi lọ. Ìyá ọkọ mi ló dìde. Ó ní òun ò fẹ́ràn ẹjọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó òun kì í dá nìkan lọ síwájú ìjọba. Kò mọ ẹni tí mo fẹ́ dárúkọ. Mi ò ní ìgboyà láti sọ fún un.

Yàrá kékeré kan ni wọ́n kó wa sí. Ọ̀gá láti Ìbàdàn jókòó sídìí tábìlì, ó wọ awò ojú. Máníjà jókòó lápá kan, Ìyá Rúùtù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ru fáìlì ilé-iṣẹ́ wá, tó dúró ti ògiri tí kò wo ojú ẹnikẹ́ni, Adúmáadán ni. Ìyá rẹ̀ rí i. Ó wò mí. Mo mọ̀ pé ó ti yé e.

Máníjà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì mọ̀rọ̀ sọ. “Sà, wọ́n ní a lé e nítorí àìsàn. Lọ́dọọdún ni sòbìà ń dá àwọn òṣìṣẹ́ wa dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, a kì í lé wọn. Wọ́n ní nítorí pé obìnrin ni. Ìyá Rúùtù nìyí, obìnrin ni, ọ̀gá la fi ṣe. Wọ́n ní nítorí ẹ̀sìn. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ wa, Ògún ló ń bọ, ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa ju èmi lọ. Ta la wá ṣẹ̀?”

Ọ̀gá náà mi orí bí ẹni tó gbà. Gbogbo ohun tó sọ, òótọ́ ni, síbẹ̀ irọ́ ni. Mo dìde kí ẹnikẹ́ni tó ní kí n dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà. Àwọn onísòbìà tí wọ́n ń sọ, ọkùnrin ni wọ́n. Ìyá Rúùtù, ara wọn le, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ pẹ̀lú máníjà. Bàbá ọdẹ, ọkùnrin ni, wọn ò sì wúkọ́ rí. Ẹ bá mi bi wọ́n léèrè, obìnrin ilé Ògún tí ikọ́ ife ṣe, tí wọ́n sì ní kó padà síṣẹ́, ta ni?”

Ìyá Rúùtù wolẹ̀. Ọ̀gá náà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́.

“Ọ̀rọ̀ rẹ yé mi, Ìyá Ṣọlá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí tèmi náà yé ọ. Ìwé òfin ilẹ̀ wa mẹ́nu kan ẹ̀sìn. Ti aláìsàn wà lọ́tọ̀ nínú òfin iṣẹ́. Ti obìnrin, mi ò rí ìlà kan tí mo lè fìka tọ́ sí. Kò sí ibi tí wọ́n ti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ìwé tí wọ́n fún ọ sì ní iṣẹ́ ló dínkù. Àfi tí ẹnì kan bá gbọ́ ọ láti ẹnu máníjà. Ta ló gbọ́ ọ?”

“Adúmáadán, sà.”

Máníjà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ lé fáìlì. “A ti wá Adúmáadán, a ò rí i. Pe orúkọ ẹni náà fún mi, tàbí kí n pa èyí dé ká máa lọ.”

Ẹ̀yin ará mi, mo ti gba abẹ́rẹ́ tí n kò lè kà, mo ti rí ẹ̀jẹ̀ ara mi lẹ́nu ara mi, ẹ̀rù kò bà mí rí bíi ti ìṣẹ́jú yẹn. Ìyá ọkọ mi tẹjú mọ́ ilẹ̀. Adúmáadán di fáìlì mú, èékánná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé náà. Orúkọ méjì ló wà lọ́fun mi. Tí mo bá pe èyí tí wọ́n sọ ọ́ nílé, mo tàbùkù gbogbo ìdílé ọkọ mi, máníjà á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ilé Ògún ni akọ̀wé òun ti wá. Tí n kò bá pe ìkankan, mo ti sọ iṣẹ́ nù, mo sì ti sọ ara mi nù.

Mo ní, “Jóṣúà Olúdélé ni, sà. Àwọn ló dúró yẹn.”

Láti ọdún tí mo ti wọ ilé ọkọ, n kò pe ọmọ ilé lórúkọ rí.

Ọ̀gá náà yíjú sí i. “Ṣé òótọ́ ni?”

Máníjà ń wò ó. Ìyá rẹ̀ gbé ojú sókè, òun náà ń wò ó.

Adúmáadán ní, “Òótọ́ ni, sà. Máníjà ló rán mi. Bí Ìyá Ṣọlá ṣe sọ ọ́ fún yín gan-an ni máníjà ṣe sọ ọ́ fún mi.” Ó gbé fáìlì náà sórí tábìlì. “Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Ilé Ògún ló bí èmi náà.”

Nígbà tí a ń padà lọ sí Ìgbó-Ọrà, ẹ̀gbẹ́ ara wa ni èmi àti ìyá ọkọ mi jókòó sí nínú bọ̀lẹ́kájà, kò bá mi sọ̀rọ̀. Dírẹ́bà gbàgbé, ó gba apá òsì, gbogbo èrò pariwo, ó yí i padà. Mo ń ro ohun tí n ó sọ fún ọkọ mi. Mo ń rò ó pé Ìdèrè ni wọ́n á tún dá mi padà sí, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe nítorí ikọ́. Nígbà tó ṣe, ìyá ọkọ mi fọwọ́ gbá mi lórúnkún, ó fi oríkì mi pè mí.

“Àṣàkẹ́.”

“Màmá.”

“Èmi ni mo bí ọmọ yẹn. Orúkọ tí a sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹsàn-án, ta ló pè é nínú ilé yẹn lónìí?”

Mo rò ó. “Kò sẹ́ni, Màmá.”

“Èmi náà ò gbọ́ ọ. Jóṣúà wo? Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.” Ó gbé ìborùn rẹ̀ lé mi léjìká nítorí afẹ́fẹ́. “Ìyàwó mi ò pe ọmọ mi lórúkọ. Ẹni tó bá wí bẹ́ẹ̀, kó wá bá mi.”

Ẹkún tí n kò sun ní Ìbàdàn, inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti sun ún.

Ìdájọ́ dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ gbà mí padà bí dókítà bá ti kọ̀wé pé mo lè ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì kà mí sí ẹni tó wà nínú ìsinmi àìsàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé mi. Mo padà. Kò rọrùn. Níta ni wọ́n fi mí sí níbi tí wọ́n ti ń rán àpò, n kò bínú sí i, afẹ́fẹ́ dára fún àyà mi. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ mi kò bá mi mu omi. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ní ọjọ́ kan Ìyá Rúùtù jáde síta, ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó mu èyí tó kù nínú rẹ̀, ó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nù, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń bá mi mu omi.

Adúmáadán kò pẹ́ níbẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó lé e. Wọ́n kàn ń gbé iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kọ̀wé fi í sílẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Lánlátẹ̀ báyìí, ó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń wá sílé. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun ló yẹ kí òun tọrọ rẹ̀. Ó ṣì máa ń dùn mí.

Ní ti àìsàn, mo lo oògùn náà dé ìparí. Mo ti lọ ya àwòrán àyà lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, àpá ló wà níbẹ̀, ikọ́ ife kò sí. N kò lè sáré, n kò sì lè gun òkè láìsinmi. Tí ọyẹ́ bá le, mo máa ń wúkọ́, ọkọ mi á sì wò mí, n ó ní, “Eruku ni, ẹ fọkàn balẹ̀.” Mo gbọ́ nínú rédíò pé wọ́n ń kọ ìwé òfin tuntun tí wọn ó fi gbé ìjọba fún alágbádá, àwọn kan sì ní wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ obìnrin sí i. Kí wọ́n má gbàgbé ẹni tó jẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wọ́n bá fẹ́ lé ẹ̀yin náà, wọ́n á fi aláìsàn kan hàn yín tí wọn ò lé, wọ́n á fi obìnrin kan hàn yín, wọ́n á fi ẹnì kan hàn yín tí ẹ jọ ń bọ òrìṣà kan náà. Ẹ má gbà kí wọ́n gé yín sí wẹ́wẹ́. Ẹ tọ́jú ìwé dókítà, ẹ sì rántí ẹni tó sọ̀rọ̀ sí yín àti bó ṣe sọ ọ́.

Ìyá Rúùtù fẹ̀yìn tì ní ọdún tó kọjá. Máníjà tuntun béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin pé ta ni kí òun fi sípò rẹ̀. Obìnrin ni mí, ilé Ògún ni mo ti wá, ikọ́ ife ti ṣe mí rí, èmi ni wọ́n mú. Ní àárọ̀ ọ̀la, n ó jí lọ sẹ́nu iṣẹ́. Kí ẹ̀yin náà jí, kí ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ yín.